Ibi Tí Pélé Màámi Gbà Lọ

"Àǹtí, ẹ wo bí ojú Màmá ṣe ń dán!"

Ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣe dìsáìnì ní Mọ́kọlá ló sọ bẹ́ẹ̀, ó rò pé òun ń yìn wá ni. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Àwòrán màámi ló wà níbẹ̀, èyí tí a fẹ́ gbé síwájú ìwé ètò ìsìnkú àti sára pátákó ńlá tí a máa gbé kọ́ ẹnu géètì. Gèlè wà níbẹ̀, yẹtí wà níbẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí eyín hàn náà wà níbẹ̀. Ojú náà sì ń dán lóòótọ́, àfi bí ojú ọmọ ìkókó. Mo wò ó títí, ara mi kọ̀ ọ́, mi ò sì lè sọ ohun tí ara mi kọ̀ níbẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé pélé rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Pélé mẹ́ta ni wọ́n kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún màámi, mẹ́ta sí ti òsì. Òòró ni wọ́n dúró, wọn ò gùn, wọn ò sì jìn. Kì í ṣe bí àbàjà bàbá rẹ̀ tí èèyàn ń rí láti òdìkejì títì. Ẹni tó bá jókòó tì í ló ń rí pélé màámi. Àwa ọmọ rẹ̀ tó máa ń fi ìka kékeré tọ ilà náà lẹ́yìn nígbà tó bá gbé wa lẹ́sẹ̀, a mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà ilé.

Mo bi ọmọkùnrin náà pé, "Ṣé o fi nǹkan pa ilà ojú wọn rẹ́ ni?"

"Rárá o, Àǹtí. Bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ sí mi nìyẹn."

Ó ṣí i fún mi wò. Òótọ́ ló sọ. Fáìlì tó dé ọwọ́ rẹ̀ kò ní ilà kankan lójú.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Lọ́dọọdún ni mo máa ń bá àwọn ọmọ kíláàsì mi kó fọ́tò sínú fọ́ọ̀mù ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí náà mo rò pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú fáìlì kan di òmíràn. Fọ́ọ̀mù ní JPEG ni òun ń fẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ ju iye KB báyìí lọ. A yí i padà, fọ́ọ̀mù gbà á, ó parí. Mi ò bi ara mi léèrè rí pé kí ni àwòrán ń fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ pélé yìí ló jẹ́ kí n padà sẹ́yìn, kí n tọ ipasẹ̀ fáìlì kan ṣoṣo láti ibi tó ti gbéra.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní London ló ti gbéra. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni ojúlówó fọ́tò náà wà, dúdú àti funfun, èyí tí wọ́n yà ní ṣọ́ọ̀bù oní-fọ́tò ní 1974. Ó gbé e dání nígbà tó ń rìnrìn àjò, ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ pálọ̀. Nígbà tí màámi papò dà, ó na fóònù sí férémù náà pẹ̀lú gíláàsì lójú rẹ̀, ó ya á, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí ímeèlì.

iPhone ló ń lò. Láti 2017 tí iOS 11 ti jáde ni Apple ti ń kó fọ́tò sínú irú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .heic. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ o: fọ́tò kan náà máa ń gba nǹkan bí ìdajì àyè tí ì bá gbà nínú JPEG, ojú rẹ̀ kò sì ní bà jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló gbọ́ èdè rẹ̀. Windows àtijọ́ ló wà lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù Mọ́kọlá yẹn, ó sì ń wo fáìlì ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni tí wọ́n ń fi Faransé kí.

Ọmọ-iṣẹ́ kan níbẹ̀ wá dá ọgbọ́n. Ó tẹ orúkọ fáìlì náà, ó pa .heic rẹ́, ó kọ .jpg sí i. Fáìlì kọ̀, kò ṣí. Mi ò bá a wí, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bu epo pupa sínú ìgò Fanta, epo pupa ló ṣì ń tà. Inú fáìlì ni ohun tó jẹ́ wà, kì í ṣe ní ìdí orúkọ rẹ̀. Ẹyọ kéékèèké tí wọ́n fi ń kọ fáìlì ni báìtì; gbogbo JPEG ló ń fi báìtì méjì kan náà bẹ̀rẹ̀, FF àti D8. Tí èèyàn bá tú PNG, irú fáìlì àwòrán mìíràn, wò, báìtì kejì, ìkẹta àti ìkẹrin rẹ̀ ni lẹ́tà P, N àti G gan-an. GIF náà, lẹ́tà mẹ́ta orúkọ rẹ̀ ló fi ń ṣíde. Àwọn tó ṣe wọ́n mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè pa orúkọ dà, ni wọ́n bá kọ ilà sí wọn lójú kí ará ilé lè dá wọn mọ̀.

Ẹnìkan ní kí n gbé e lọ sórí ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì tó ń yí fáìlì padà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n wúlò, mi ò purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé àwòrán síbẹ̀ ti gbé e lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, lórí kọ̀ǹpútà tó wà níbi tí kò mọ̀. Fọ́tò òdòdó tàbí ti ewúrẹ́, kò séwu. Pásípọ́ọ̀tù, ìwé NIN, àwòrán òkú ọ̀run ẹni, mi ò ní gbé e síbẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ pọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí kọ̀ǹpútà ẹni láìkan íntánẹ́ẹ̀tì rárá. ImageMagick wà níta láti 1990, ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbà láti sọ HEIC di JPEG. Ká ní mo ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ ní sùúrù. "Jẹ́ n kúkú jù ú sórí WhatsApp jàre." Ó jù ú sórí gúrúùpù ẹbí. Kíá, ó ṣí lórí fóònù gbogbo wa, gbogbo wa sì dúpẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. WhatsApp ti sọ HEIC di JPEG, ó sì ti dín in kù kó tó kúrò ní London. Àbúrò mi obìnrin ní Abẹ́òkúta ò fẹ́ férémù àti iná tó ń kọ mànà lórí gíláàsì. Ó ṣe screenshot, ó gé etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún jù ú sí gúrúùpù: ó tún kéré sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan fi ṣe sítíkà. (Ẹ ò ṣì mí gbọ́. Màámi di sítíkà, wọ́n fi ń dáhùn "Good morning". WebP ni irú fáìlì tí sítíkà WhatsApp máa ń jẹ́, Google ló gbé e jáde ní 2010. Inú bí mi lọ́jọ́ kìíní, ní ọjọ́ kẹta èmi náà ti ń lò ó.) Ìbátan wa tó mọ oní-dìsáìnì wá mú ti Abẹ́òkúta, ó ṣe férémù olódòdó sí i nínú áàpù kan, ó tọ́jú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Oní-dìsáìnì gé òdòdó kúrò, ó tún tọ́jú rẹ̀. Ọmọ ọmọ ọmọ fọ́tò London ni mo bá lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. 92 KB ló kù.

JPEG tí gbogbo wa ń pè lójoojúmọ́ yìí, orúkọ ìgbìmọ̀ tó ṣe é ló ń jẹ́, Joint Photographic Experts Group, 1992 sì ni ìlànà rẹ̀ jáde. Ó máa ń gé àwòrán sí onígun mẹ́rin kéékèèké, píksẹ́lì (ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi to àwòrán jọ) mẹ́jọ ní òòró, mẹ́jọ ní ìbú. Kì í wá kọ píksẹ́lì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta inú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè ló máa ń bi í. Báwo ni ibí yìí ṣe mọ́lẹ̀ tó lápapọ̀? Ṣé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rọra lọ láti òsì sí ọ̀tún ni, àbí láti òkè sí ìsàlẹ̀? Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ wo ló ń ṣẹ́jú pìrí pìrí nínú rẹ̀? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ló máa ń tọ́jú bí ẹyin. Ti ìgbẹ̀yìn, ti nǹkan wẹ́wẹ́, òun ló ń kọ́kọ́ dà nù, torí àwọn tó ṣe é ti mọ̀ pé ojú èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ìyẹn sí.

Kí wá ni pélé nínú fọ́tò kékeré? Ìlà tín-ín-rín mẹ́ta tó dúdú díẹ̀ ju awọ tó yí i ká lọ. Nǹkan wẹ́wẹ́ ni. Ìṣirò yẹn ò mọ ilà, kò mọ ìdílé. Bó ṣe ń gbá eruku tó wà lójú gíláàsì nù ló gbá ilà màámi mọ́ ọn. "Ojú èèyàn kì í ka ìyẹn sí." Ojú ta ni?

Mo wá ìdí ìṣirò ọ̀hún lọ, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Nasir Ahmed, ọmọ Íńdíà tó ń kọ́ni ní Kansas State University, ló ronú kàn án. Ní 1972 ó kọ̀wé béèrè owó ìwádìí lórí rẹ̀, wọn ò fún un, wọ́n ní ohun tó gbé wá ti rọrùn jù. Òun, T. Natarajan àti K. R. Rao ló wá tẹ̀ ẹ́ jáde níkẹyìn, ní oṣù kìíní ọdún 1974. Ọdún kan náà ni màámi wé gèlè, tó lọ jókòó níwájú kámẹ́rà. Ohun tó máa pa ilà rẹ̀ rẹ́ àti fọ́tò tó gbé ilà náà, ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Kí n má fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀ ṣá o. JPEG kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe dáadáa, ojú mi àti tìrẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Wíwò ò dín in kù. Dídà á kọ láti fóònù sí kọ̀ǹpútà ò dín in kù. Ìgbà tí a bá ṣí i, tí a tọwọ́ bọ̀ ọ́, tí a tún sọ pé kó tọ́jú ara rẹ̀ sí JPEG lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà yẹn ló tún ń gbá ilẹ̀. Ẹni tó gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó pàǹtírí lọ. Ẹni tó gbá a lẹ́ẹ̀marùn-ún lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kan náà ti ń hú ilẹ̀.

Mo fi ìgbéraga tíṣà sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé, "Sọ ọ́ di PNG." Mo ti gbọ́ pé PNG kì í ju nǹkan kan nù. Òótọ́ ni. Bí aṣọ òkè tí wọ́n ká sínú àpótí ni PNG rí: bó o bá tú u lọ́la, aṣọ náà ló máa bọ́ sílẹ̀, fọ́nrán kan ò ní dín. Ó sọ ọ́ di PNG. 92 KB fò di 700 KB ó lé. Ojú màámi ń dán síbẹ̀. A ti sọ iṣu di èlùbọ́, mo wá ń rọ èlùbọ́ padà sínú èèpo iṣu, mo ń retí kó hu ewé. PNG tọ́jú ohun tí mo gbé fún un láìdín ẹyọ kan, àti dídán ojú náà.

PNG fúnra rẹ̀, ìjà ló bí i. GIF ni wọ́n ń lò káàkiri tẹ́lẹ̀, èyí tí CompuServe gbé jáde ní 1987, tí kò lè mú ju àwọ̀ 256 lọ. Ilé iṣẹ́ Unisys ló ni ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí GIF fi ń ká àwòrán, ní ìparí 1994 wọ́n sì kéde pé àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń lò ó máa san owó. Inú bí àwọn èèyàn. Kí oṣù kìíní 1995 tó lọ jìnnà ni Thomas Boutell ti gbé àbá tuntun síta, ní 1996 PNG ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀yìn àwòrán ṣófo, kí á máa rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. JPEG ò lè ṣe ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwòrán tí oní-dìsáìnì ti gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò fi máa ń gbé funfun tàbí dúdú kírìbìtì kiri bí wọ́n bá ti sọ ọ́ di JPEG. Ẹ ti rí irú rẹ̀ lára pátákó òkú rí.

Mo pe London.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fọ́tò màámi kúrò nínú férémù."

"Kí ló dé? Èyí tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Pélé wọn ò sí níbẹ̀ mọ́."

Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tó dìde, tó ń rìn lọ síbi ògiri. "Ó wà níbí o," ló sọ. "Mo ń wò ó báyìí."

Ó gbé e lọ síbi ẹ̀rọ skánà kan lọ́jọ́ kejì. Ínṣì márùn-ún sí méje ni fọ́tò náà. Mo ní kó fi 600 dpi ṣe é, ìyẹn píksẹ́lì 600 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan, kó sì kó o sínú TIFF, kó má dán JPEG wò. Arúgbó ni TIFF láàárín wọn, 1986 ni ilé iṣẹ́ Aldus gbé e jáde, torí àwọn ẹ̀rọ skánà gan-an ni. Ẹ ṣírò rẹ̀: 3000 lọ́nà 4200, píksẹ́lì mílíọ̀nù 12.6, báìtì mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 38 MB. Kò jù ú sórí gúrúùpù, Google Drive ló gbé e sí, ó fi ọ̀nà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó jẹ dátà mi, mi ò ráhùn.

Ọmọkùnrin Mọ́kọlá ṣí i. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ mí ẹ̀mí gígùn kó tó gbé e jáde. Ojú yẹn wá, ilà mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, ó hàn kedere. Ó fà á sún mọ́ wa. Mo rí ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi mú gèlè náà. Mo rí ibi tí páúdà ò ti kárí létí imú. Ó tún fà á sún mọ́ wa, mo sì rí ohun tí mo ti gbàgbé pátápátá: ilà kẹta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì kúrú. Kò tó ìdajì àwọn yòókù.

Màámi máa ń sọ ìtàn rẹ̀. Wọ́n mú òun àti àbúrò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olóòlà lọ́jọ́ kan náà. Àbúrò fara balẹ̀, òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló já mọ́ olóòlà lọ́wọ́, ó sá jáde, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Nígbà tí wọ́n fi máa mú un padà, baba olóòlà ní èyí tó wà níbẹ̀ tó, kò dá irin rẹ̀ padà síbẹ̀ mọ́.

"Àǹtí," ọmọkùnrin náà rọra wí, "ọ̀kan kúrú níbí o. Ṣé kí n bá yín fà á gùn díẹ̀, kó dọ́gba?"

Mo ní kó má fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ kù síbẹ̀. Búlúù tí a yàn fún ẹ̀yìn ìwé ètò, tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà, kú ríríri nígbà tí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìyípadà mìíràn tún nìyẹn: iná pupa, iná ewé àti iná búlúù ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń pọ àwọ̀, íńkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, àwọn búlúù kan sì wà tí iná lè dá tí íńkì ò lè dá. A mú búlúù tó dúdú díẹ̀, a tẹ̀síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sínú Settings fóònù rẹ̀, ní Camera, ní Formats, ó ti mú Most Compatible, JPEG ni fóònù rẹ̀ ń yà báyìí. Èmi náà, fọ́tò tí mo bá fẹ́ kó dé bó ṣe rí, mo ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí Document. Kì í fọwọ́ kan ìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ìwé ètò náà ránṣẹ́ sí àbúrò màámi ní Ìṣẹ́yìn, ẹni tí wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ olóòlà. Ó pè mí. Ó ní nǹkan tí mo fi ránṣẹ́ ń yí po, kò ṣí. Mo ṣàlàyé pé Document ni, kí wọ́n ní kí ọmọ ilé bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Fi fọ́tò ránṣẹ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ṣe ń ṣe, jọ̀ọ́."

Mo fi ránṣẹ́ bí fọ́tò. Kò pẹ́ tí voice note wọlé. Ẹkún ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn wọn: "Ẹ̀gbọ́n mi rèé. Pélé ẹ̀ rèé o. Àní èyí tó kúrú yẹn, mo rí i, ó wà níbẹ̀."

Mo padà sórí fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí tí àwọn onígun mẹ́rin fi yọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ń dán kanlẹ̀.